Omíyalé Ògùnpa: Ta Ló Rán an Wá, Ta Ló Ń Pè É Padà?

Bí omi bá ya wọlé ní Ìbàdàn lónìí, kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, a ti mọ ẹni tó jẹ̀bi: àwọn tó ń da pàǹtírí sínú gọ́tà, àtàwọn tó kọ́lé dí ojú ọ̀nà omi. Ẹ̀sùn náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ìrù ọ̀rọ̀ ló dì mú, kò di orí rẹ̀ mú. Òfuurufú ló gbé omi wá. Ilẹ̀ àti àpáta ló pinnu ibi tí omi yóò gbà. Igi, koríko, ekòló àti ọmọ èèyàn ló pinnu bó ṣe máa yára tó. Odò ló wá gba orúkọ burúkú. Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ayé máa ń pín gbogbo rẹ̀ sí agbo mẹ́rin: afẹ́fẹ́, omi, ilẹ̀ pẹ̀lú àpáta, àti ohun ẹlẹ́mìí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣàlàyé ìṣẹ̀lẹ̀ kan gbọ́dọ̀ lè fi hàn, bí ẹni ń ya ọfà láti agbo kan sí òmíràn, bí agbo kan ṣe ń ti èkejì. Lójú tèmi, nínú gbogbo ohun tí omíyalé ń fà, èyí tó yẹ ká fojú sí jù ni èyí tó ń yípo padà, tó ń tẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ de omíyalé mìíràn. Ìyókù máa ń tán nílẹ̀. Ìyẹn kì í tán.

Òjò méjì ló dára jù láti fi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ti àkọ́kọ́ rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980. Ó tó nǹkan bíi mìlímítà 274. Odò Ògùnpa kún àkúnya, ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ó kó ọ̀pọ̀ ẹranko lọ ní ọgbà ẹranko Agodi, àwọn tó sì bá a lọ lé ní 100. Odò náà ti ya ṣáájú, ní 1960, ní 1963 àti ní 1978, ṣùgbọ́n ti 1980 ló sọ orúkọ Ògùnpa di mímọ̀ káàkiri Nàìjíríà. Òjò kejì rọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, mìlímítà 187.5. Lọ́tẹ̀ yìí, odò Ọ̀nà àtàwọn ẹ̀ka rẹ̀ ló ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ ibi náà: afárá Apẹ̀tẹ̀ wó, omi gba orí ìsédò Ẹlẹ́yẹlé kọjá, ó wọ oko ẹja Yunifásítì Ìbàdàn. Èèyàn tó lé ní 100 tún kú.

Ẹ wo oṣù tí méjèèjì rọ̀. Òpin oṣù Kẹjọ ni, nígbà tó yẹ kí òjò ṣì wà nínú ìsinmi. Ní Ìbàdàn, òjò ọdún kan máa ń tó mìlímítà 1,200 sí 1,300, ó máa ń ga jù ní oṣù Kẹfà, á rọra dẹwọ́, á tún gbéra sókè ní oṣù Kẹsàn-án. Òkun ló ń fa ìdẹwọ́ àárín yẹn lọ́nà kan: láti oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, omi tútù láti ìsàlẹ̀ òkun máa ń gòkè wá sójú omi ní etíkun Ghana àti Côte d'Ivoire. Afẹ́fẹ́ tó kọjá lórí omi tútù kì í fẹ́ gòkè, bí kò bá sì gòkè, kò ní di òjò ńlá. Òkun rèé tó ń pàṣẹ fún òfuurufú, láìtíì kan odò kankan ní Ìbàdàn. Bí ìdẹwọ́ náà bá parí, tí ẹ̀fúùfù tútù láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn tún gbé oru omi wọ ilẹ̀ dáadáa, ohun tí òjò máa bá nílẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ gbígbẹ. Láti oṣù Kẹta ni ilẹ̀ ti ń mu omi. Kànga ti kún, adágún ti kún, ilẹ̀ ti yó. Orí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni mìlímítà 274 rọ̀ sí, ìyẹn ohun tó lé ní ìdá kan nínú márùn-ún òjò odidi ọdún.

Mìlímítà ò ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu, torí náà ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di lítà. Òjò mìlímítà kan lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan, tó gùn ní mítà kan, lítà omi kan ni. Òrùlé ilé tó jẹ́ mítà 10 lọ́nà méjèèjì jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 100. Lọ́jọ́ Ẹtì ọdún 2011 yẹn, òrùlé bẹ́ẹ̀ kan ṣoṣo á gba lítà 18,750. Bí ẹ bá fi kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 wọ̀n ọ́n, kẹ́ẹ̀gì 750 ni. Páànù ò mu ẹ̀kán kan nínú rẹ̀. Ẹ wá ronú nípa àdúgbò bíi Bẹẹrẹ tàbí Ọjà Ọba, tí páànù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gun èkejì lórí, kí ẹ sì rántí pé gbogbo wọn wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ àpáta. Ẹni tó bá gun ilé ìṣọ́ Láyípo ní Òkè Ààrẹ, tí wọ́n kọ́ ní 1936, á rí i kedere pé òkè tó tò tẹ̀ léra ni ìgboro Ìbàdàn jókòó lé. Àpáta quartzite ló di òkè wọ̀nyẹn mú, torí pé ó le, kò tètè jẹrà. Àfonífojì àárín wọn ni àpáta tó tètè jẹrà wà, ibẹ̀ sì ni odò gbà. Àpáta ìpìlẹ̀ Ìbàdàn ti gbó púpọ̀, ó sì le. Kò mu omi àyàfi níbi tó bá ti sán. Ohun tó ń mu omi ni ilẹ̀ tó jẹrà lórí rẹ̀, kò sì nípọn lọ títí. Torí náà, bí òjò ńlá bá dé, omi ò rí ibi jìn lọ, àfi kó gba ẹ̀gbẹ́. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè lọ́nà kúkúrú, ó ń bọ́ sínú odò kékeré, gbogbo rẹ̀ sì ń dé nísàlẹ̀ láàárín àkókò díẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, odò máa ń gba ọjọ́ kó tó kún. Ògùnpa ò ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ orí tó wà láàárín òjò àti àpáta ni mo rò pé ó yẹ ká pẹ́ lórí rẹ̀, torí ibẹ̀ ni agbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pàdé. Nínú igbó Ìbàdàn, yanrìn ló pọ̀ nínú ilẹ̀ òkè, abẹ́ rẹ̀ ni amọ̀ tó dà pọ̀ mọ́ òkúta wẹ́wẹ́. Ekòló ń gbẹ́ ihò gba inú rẹ̀, imí wọn sì ń hàn lójú ilẹ̀ bí ìka kéékèèké. Ikán náà ń gbẹ́ tirẹ̀. Gbòǹgbò tó kú á jẹrà, á fi ihò sílẹ̀. Ihò wọ̀nyẹn ni omi ń gbà wọlẹ̀, kì í ṣe inú amọ̀ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá gbá ewé kúrò, tí oòrùn sì ń pa ilẹ̀ ní tààrà, ekòló á kú tàbí kó ṣí lọ. Ẹ̀kán òjò tó bọ́ sórí ilẹ̀ òfìfo á lu ilẹ̀, èérún tó kéré jù á dí ihò, ojú ilẹ̀ á sì dì bí èépá. Àgbàlá tí wọ́n ń fi ìgbálẹ̀ gbá láràárọ̀ fún ogún ọdún, tó mọ́ tó ń dán, omi kì í wọ inú rẹ̀ ju bó ṣe ń wọ sìmẹ́ńtì lọ. Ìmọ́tótó ni lójú onílé. Lójú òjò, òrùlé ni.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí i. Ẹ gé ìdí agolo ńlá kan kúrò kó di ihò lókè nísàlẹ̀. Ẹ gbé pákó lé e lórí, ẹ fi òòlù gbá a wọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5. Ẹ rọra da omi tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 5 sínú rẹ̀, kí ẹ wo ìṣẹ́jú tó máa gbà kó tó tán. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀kẹta sì ni kí ẹ kọ sílẹ̀, torí pé ilẹ̀ gbígbẹ máa ń fà á lójijì nígbà àkọ́kọ́, ìyẹn á tàn yín jẹ. Ohun tó sábà máa ń bà á jẹ́ ni pé wọ́n gbá agolo náà wọ́, omi á gba ẹ̀gbẹ́ jáde, wọ́n á ní ilẹ̀ ń mu omi dáadáa. Bí ẹ bá rí i tí ilẹ̀ ìta agolo ń tutù, ẹ yọ ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ ṣe é lábẹ́ igi tí ewé bò, nínú oko ẹ̀gẹ́, àti lójú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀. Ìyàtọ̀ àárín wọn á pọ̀ débi pé ẹ ò ní nílò olùkọ́ tó máa ṣàlàyé.

Àwọn tó ṣe irú ìwádìí yìí lọ́nà tó jinlẹ̀ wà ní Ìbàdàn gan-an. Ní àwọn ọdún 1970, ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti àgbáyé tó wà ní Ìbàdàn, wọ́n wọn iye ilẹ̀ tí òjò ń kó lọ lórí oko tó dagun díẹ̀ àti èyí tó dagun gan-an. Níbi tí ilẹ̀ ti dagun ní ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ lófìfo, ilẹ̀ tó ń lọ lọ́dún kan lórí hẹ́kítà kan lé ní tọ́ọ̀nù 200. Níbi tí wọ́n fi koríko gbígbẹ bò, tọ́ọ̀nù 4 sí 6 lórí hẹ́kítà kan, ohun tó ń lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó nǹkan. Tọ́ọ̀nù 200 kì í hàn sójú: ilẹ̀ mìlímítà kan lórí hẹ́kítà kan ń wọn nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 14, torí náà tọ́ọ̀nù 200 ò ju mìlímítà 14 lọ, ìwọ̀n ìka kan. Ìka kan péré ni, ṣùgbọ́n ìka tó lọ́ràá jù ni. Àgbẹ̀ ò ní rí i lórí oko rẹ̀. Ẹrẹ̀ ló máa padà rí nínú odò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ pàǹtírí ti wọlé nìyí, èmi ò sì fara mọ́ bí a ṣe máa ń sọ ọ́. Ìṣirò kan wà tí àwọn ẹnjiníà ń lò fún àgbàrá: ẹ fi ìdá omi tí kò wọlẹ̀ sọ iye mìlímítà òjò tó ń rọ̀ ní wákàtí kan di púpọ̀, ẹ tún fi iye hẹ́kítà sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ wá fi 360 pín in. Ohun tó bá jáde ni kúbíìkì mítà omi tó ń dé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ká ní hẹ́kítà 100 ni ilẹ̀ tó ń da omi sínú gọ́tà kan, òjò náà sì jẹ́ mìlímítà 50 ní wákàtí kan. Bí ilẹ̀ náà bá jẹ́ igbó, tó jẹ́ pé ìdá 0.2 péré ló ń ṣàn lọ, ó jẹ́ kúbíìkì mítà 2.8. Bó bá jẹ́ páànù, sìmẹ́ńtì àti àgbàlá gbígbá, tí ìdá 0.8 ń ṣàn lọ, ó di 11.1. Ihò kọnkéré abẹ́ títì tó jẹ́ mítà kan lọ́nà méjèèjì, tí omi ń sáré gba inú rẹ̀ ní mítà 3 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kúbíìkì mítà 3 ló lè gbà. Kó mọ́ fínfín, kó má sí ọ̀rá piọ wọ́tà kan ṣoṣo nínú rẹ̀, omi á ṣì gorí títì. Pàǹtírí ń mú ọ̀rọ̀ burú sí i, ó lè sọ ihò onímítà kan di ààbọ̀, ó sì ń pinnu ilé ẹni tí omi máa kọ́kọ́ wọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló sọ 2.8 di 11.1. Òrùlé ló ṣe bẹ́ẹ̀, òrùlé olówó àti tálákà pa pọ̀, àti ti ilé ìjọba náà.

Mo fẹ́ fi kún un, kí ọ̀rọ̀ má bàa dà bíi pé igbó lè ṣe ohun gbogbo: bí igbó bá tilẹ̀ bo Ìbàdàn bíi ti àtijọ́, mìlímítà 274 á ṣì kún odò. Ewé igi ò lè dá ju mìlímítà díẹ̀ dúró nínú òjò kan, ilẹ̀ tó ti yó ò sì ní àyè mọ́. Ohun tí igbó ń ṣe ni pé ó ń dín omi kù, ó sì ń dá a dúró kó má dé lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú omíyalé, wákàtí méjì tí omi fi pẹ́ kó tó dé lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín títì tó tutù àti títì tí ọkọ̀ ń léfòó lórí rẹ̀. Omi tó ń sáré, tí kò sì ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Sẹ̀ǹtímítà 30 lè gbé ọkọ̀ kékeré.

Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé í wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ọdún pípẹ́ ni ìjọba ti ń fi kọnkéré gbèjà onílé lójú ọ̀nà Ògùnpa, wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n fi kọnkéré tẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ fún Dùgbẹ̀. Ṣùgbọ́n omi tó ń sáré lórí kọnkéré kì í dúró mu ilẹ̀, kì í rí koríko tó máa dá a dúró, ìsàlẹ̀ odò ló ń sáré lọ. Ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ ló ń gba ohun tí wọ́n lé kúrò ní Dùgbẹ̀. Ní 2014, Bánkì Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀yáwó dọ́là mílíọ̀nù 200 fún iṣẹ́ ìdènà omíyalé ní Ìbàdàn. Apá iṣẹ́ náà tí mo rò pé ó wúlò jù ni kíkíyèsí odindi ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń ṣàn wọ odò, dípò odò nìkan.

Ẹlẹ́yẹlé wá ni ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti ń yípo. Ní 1942 ni wọ́n sé odò Ọ̀nà níbẹ̀ kí ìlú lè rí omi mu. Ìsédò omi mímu àti ìsédò omíyalé ò lè jẹ́ nǹkan kan náà lọ́jọ́ kan náà. Ti omi mímu, wọ́n fẹ́ kó kún. Ti omíyalé, wọ́n fẹ́ kó ṣófo de òjò. Ní òpin oṣù Kẹjọ, Ẹlẹ́yẹlé ti kún, omi tuntun tó bá dé ò ní ibi tó máa sùn, orí ìsédò ló máa gbà.

Bí omi tó ń sáré bá sì dé inú adágún tó dúró jẹ́ẹ́, á sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ ló kọ́kọ́ ń jábọ́, lẹ́yìn rẹ̀ yanrìn, amọ̀ ló ń kẹ́yìn. Ẹ bu ilẹ̀ ìkúnwọ́ méjì sínú ìgò onídèérí, ẹ da omi kún un, ẹ mì í pọ̀, ẹ gbé e kalẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú kan, yanrìn ti wà nísàlẹ̀. Bí ọjọ́ bá kejì, omi ṣì lè rú lókè, torí amọ̀ tó kéré jù ò tíì sọ̀. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé, òun ló fà á tí yanrìn fi ń pọ̀ sí ẹnu ibi tí odò ti ń wọ adágún, tí omi tó sì dé ibi ẹ̀rọ fi máa ń pọ́n fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ẹni tó ń fi álọ́ọ̀mù yọ omi kànga nílé mọ̀ pé bí omi bá ti rú tó ni álọ́ọ̀mù á ṣe pọ̀ tó. Ilé iṣẹ́ omi náà ń san owó yẹn, ní tọ́ọ̀nù.

Ẹrẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ ń gba àyè omi. Ó tún gbé ajílẹ̀ oko, omi ìfọṣọ àti ìgbẹ́ èèyàn wá, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ oúnjẹ fún ewéko. Àdúrà wa ni pé ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò, ṣùgbọ́n ewéko tó ń lékè lọ́pọ̀ adágún wa báyìí ni hyacinth olódòdó àlùkò, àlejò láti Gúúsù Amẹ́ríkà, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Nàìjíríà ní 1984 nínú ọ̀sà Badagry, lẹ́yìn tó gba Benin wọlé. Ó ń bo ojú omi, oòrùn ò wọlé mọ́. Bó bá kú, ó ń rì, ó ń jẹrà, ó ń lo afẹ́fẹ́ inú omi tán, ó sì ń fi kún gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀. Adágún ń di kékeré láti ìsàlẹ̀ àti láti òkè. Lọ́jọ́ òjò ńlá mìíràn, omi tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀ ló máa tó láti gorí ìsédò. Ọfà tó ń padà wá nìyẹn: òjò kó ilẹ̀, ilẹ̀ kún adágún, adágún dá omíyalé padà.

Fún ohun ẹlẹ́mìí yòókù, kì í ṣe ibi nìkan. Ẹja àrọ̀ nífẹ̀ẹ́ omi tó ya bo koríko etí odò, ibẹ̀ ló ń yé sí. Ọdún tí omi bá ya dáadáa lè jẹ́ ọdún àrọ̀. Àkùrọ̀ tí wọ́n ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú sí ń rí ilẹ̀ ọlọ́ràá tuntun gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ́ìlì tí mẹkáníìkì dà nù àti ohun tó ń jáde lára bátìrì lè wà nínú ilẹ̀ náà. Ti ẹ̀fọn yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Lọ́jọ́ tí omi ń sáré, ó ń gbá tanwíjí lọ. Ẹ̀fọn ń dín kù. Lẹ́yìn tí omi bá fà, tó fi ọ̀gọ̀dọ̀ kéékèèké sílẹ̀, ni nǹkan ń bàjẹ́, torí ẹyin á di ẹ̀fọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ìṣòro kànga ń yára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí omi abẹ́ ilẹ̀ bá gòkè tó bá ìdí ṣáláńgá, tàbí tí àgbàrá bá gba ẹnu kànga tí kò ní ìtẹ́ sìmẹ́ńtì wọlé, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni ìgbẹ́ gbuuru àti onígbáméjì lè bẹ̀rẹ̀.

Ipa omíyalé lórí afẹ́fẹ́ kéré, ẹ má sì jẹ́ kí fọ́ọ̀mù iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kankan fipá mú yín láti sọ ọ́ di ńlá. Ilẹ̀ tó tutù á tú oru sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, ewéko tó ń jẹrà nísàlẹ̀ adágún á tú gáàsì methane jáde. Ó tán. Nínú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, afẹ́fẹ́ ni olùfúnni. Ohun tó ń gbà padà ò pọ̀.

Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti sábà máa ń ṣìnà nìyẹn. Wọ́n á ya agbo mẹ́rin, wọ́n á ya ọfà láti ibi gbogbo dé ibi gbogbo, kó ṣáà lè pé. Ọfà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta: kí ló gbé ipa náà láti ibi kan dé èkejì, báwo ló ṣe pẹ́ tó, báwo ló ṣe pọ̀ tó? «Omíyalé ba ilẹ̀ jẹ́» kì í ṣe ìdáhùn. «Omi tó ń ṣàn kó ilẹ̀ òkè lọ láàárín wákàtí mélòó kan, ilẹ̀ náà sọ̀ sínú adágún láàárín ọjọ́ díẹ̀, adágún sì pàdánù àyè fún ọ̀pọ̀ ọdún»: ìyẹn ló tọ́. Àṣìṣe kejì ni kí wọ́n ka owó tó ṣòfò àti ilé tó wó gẹ́gẹ́ bí ipa lórí agbo kan. Ó dunni, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ tirẹ̀ yàtọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ kó nọ́ńbà jọ ládùúgbò yín, ẹ má dúró de ìjọba. Lẹ́yìn omíyalé, ẹ wá ìlà ẹrẹ̀ lára ògiri kí òjò mìíràn tó fọ̀ ọ́. Ògiri inú ilé ni kí ẹ wọ̀n, torí ìlà ara ògiri ìta tó kọjú sí omi máa ń ga ju òótọ́ lọ nítorí omi tó ń ta sí i. Bí odò bá ti fà, tó sì balẹ̀, ẹ wọn mítà 10 létí rẹ̀, ẹ ju ọsàn kan sínú omi, kí ẹ ka ìṣẹ́jú-àáyá. Ọsàn dára torí ó ń rì ju ìdajì lọ, afẹ́fẹ́ ò lè tì í. Bó bá gba ìṣẹ́jú-àáyá 8, eré rẹ̀ jẹ́ mítà 1.25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ fi 0.85 sọ ọ́ di púpọ̀, torí ojú omi ń yára ju ìsàlẹ̀ lọ. Bí odò bá fẹ̀ ní mítà 4, tó jìn ní ààbọ̀ mítà, omi tó ń kọjá jẹ́ nǹkan bíi kúbíìkì mítà 2.1 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Lọ́jọ́ tí omi ń ya, ẹ dúró sórí òkè.

Ìwọ̀n tó ṣe pàtàkì jù lọ, oṣù Kejì ni kí ẹ ṣe é, nígbà tí gọ́tà gbẹ. Ẹ ki ọ̀pá irin bọ inú ẹrẹ̀ tó wà nínú ihò abẹ́ títì títí yóò fi kan kọnkéré. Bí ihò náà bá ga ní mítà kan, tí ẹrẹ̀ sì jìn ní sẹ̀ǹtímítà 30, ó ti pàdánù ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún àyè rẹ̀ kí òjò kankan tó rọ̀. Ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lọ́dún tó ń bọ̀, ní ibi kan náà. Bí wọ́n bá sì wá gbẹ́ ẹrẹ̀ náà jáde, ẹ wo ibi tí wọ́n kó o sí. Lọ́pọ̀ ibi, etí gọ́tà náà ni wọ́n ń dà á sí, gegele gegele, láìbò ó, òjò oṣù Kẹrin sì ń dá a padà sínú ihò.